Gómìnà Lójú Agbo: Hauka ní Accra

Hauka ni àwọn ẹ̀mí tó máa ń gun àwọn ará Niger tó wá ṣiṣẹ́ ní Gold Coast láyé òyìnbó. Wọn kì í ṣe baba ńlá, wọn kì í sì í ṣe òrìṣà odò tàbí òkè. Ìjọba amúnisìn ni wọ́n gbé wọ̀: ẹni tí Hauka bá gùn lè di gómìnà, ọ̀gágun, awakọ̀ rélùwéè tàbí ìyàwó dókítà. Ẹni tó ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí kò ní ya ẹnu sí gígùn náà. Ẹni tó ń gunni ni tuntun.

Agbègbè Filingué ní Niger ni ẹgbẹ́ ìsìn Hauka ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925. Ọ̀gá ìjọba Faransé ní Niamey, Crocicchia, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sẹ́wọ̀n, ó sì fi ìyà jẹ wọ́n títí wọ́n fi sọ pé kò sí Hauka. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde ni ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ orúkọ Crocicchia dé, ọ̀gá ìkà tí ń gun àwọn tí òun fúnra rẹ̀ nà!

Iṣẹ́ ló gbé wọn dé Accra, níbi tí ọ̀pọ̀ àjèjì ti tẹ̀dó sí apá àríwá ìlú, ní Nima, Alajo àti New Town, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn Yorùbá. Ní 1954, Jean Rouch, ará Faransé, ya fíìmù ìsìn wọn ní oko kan lẹ́yìn ìlú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ní gbangba, ó sì san ohun ètùtù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀mí dé, pẹ̀lú ìbọn igi àti ọ̀já pupa. Wọ́n fọ́ ẹyin lé orí ère gómìnà. Funfun àti pupa rẹ̀ dúró fún ìyẹ́ orí fìlà gómìnà tòótọ́. Wọ́n pa ajá, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́, kí ó hàn pé àwọn ti kọjá ènìyàn lásán. Lọ́jọ́ kejì, lébìrà tún di lébìrà. Rouch ní ìsìn yìí ni kò jẹ́ kí orí wọn dàrú. Àlàyé oníṣègùn nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ́wọ́, tó ń san ètùtù, ìsìn ló mọ̀ pé òun ń ṣe.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fíìmù náà. Gold Coast gba òmìnira ní 1957, ó di Ghana, agbo Accra sì rọ̀. Rouch ní kò sí Hauka kankan tó jẹ́ Nkrumah, olórí Ghana, rí. Ní Niger, wọn kò parẹ́: Paul Stoller, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, ṣì bá wọn lójú agbo láàárín àwọn Songhay ní àwọn ọdún 1970 àti 1980.