Owó Ọdún Kan, Sáà Tí Kò Bá Ọdún Rìn: Òfin Ilé Yíyá Èkó àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ayálégbé

Nígbà tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2011, owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà ló dojú kọ. Òfin náà ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú Akọ́kà, Bàrígà àti Yábàá, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó (UNILAG) ti ń yálé gbé.

Ìrànwọ́ ńlá nìyẹn fún òṣìṣẹ́ tó ní ìdílé. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, èrò tèmi ni pé ojú egbò tirẹ̀ kọ́ ni òfin náà gbé oògùn lé. Ọdún gbáko ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kì í bá ọdún onílé rìn. Ẹ wo 2022: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ẹni tó sanwó yàrá ní oṣù kìn-ín-ní padà sílé òbí rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, owó ilé sì ń jó lọ. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa irú èyí.

Ọ̀rọ̀ nótíìsì kí ayálégbé kó jáde ló tún burú jù. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n abala 13 òfin náà sọ pé bí àgírímẹ́ǹtì bá ti dá ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ náà sì pé, ẹ̀tọ́ yẹn ti tán. Ìwé ọjọ́ méje péré ni onílé nílò kó tó gba kóòtù lọ. Àgírímẹ́ǹtì báyìí bá onílé họ́sítẹ́ẹ̀lì lára mu gan-an ni, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Bí onílé bá sì gbà ju owó ọdún kan lọ, ta ni yóò wá fẹjọ́ sùn? Òfin náà ka ẹni tó san àsanjù sí arúfin bí ẹni tó gbà á. Ọmọ tó ti fi owó ọdún méjì gba yàrá kò jẹ́ lọ fi ẹnu ara rẹ̀ ké sí ọlọ́pàá.

Àbá òfin tó dé iwájú Ilé Aṣòfin Èkó ní 2025 fẹ́ kí owó èjẹ́ńtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ọdún gbáko ṣì wà níbẹ̀. Àbá tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sanwó ní sẹ̀mẹ́sítà-sẹ̀mẹ́sítà, kí nótíìsì má sì bọ́ sí àkókò ìdánwò. Onílé yóò ní òun ń pàdánù, òótọ́ sì ni pé yàrá tó ṣófo kì í pa owó wọlé. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń ru àdánù náà. Kí àwọn méjèèjì pín in kò pọ̀ jù.