Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ebi Pani

Ẹ̀yin ará wa ní Brixton àti Peckham, oògùn tí àwọn tó fẹ́ fọn ń lò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní oṣù kẹsàn-án 1997, wọ́n kó fenfluramine kúrò lọ́jà, nítorí pé ó ń ṣe àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ní jàǹbá. Ní 2010, ó kan Reductil: ó lè fa rọpárọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọ àwa dúdú lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Dókítà ló sì ń kọ méjèèjì fúnni o!

Abẹ́rẹ́ Wegovy dé ní 2023. Ó ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó. A kò ní kí ẹ má lò ó. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, ẹ má sì gba ti ọ̀rẹ́ lò. Obìnrin tó ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ dá a dúró fún oṣù méjì, ó kéré tán, kí ó tó lóyún.