Ọmọ Tí A Bí Síbí, Tí A Ò Kà Sí Ọmọ Ibí

Nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá jáde, ẹ yà sí káfẹ́ kan ní Mọ́níyà, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè tó ń pa àwọn ọmọ kan lẹ́nu mọ́: "Ìpínlẹ̀ wo ni bàbá rẹ ti wá? NIN rẹ dà?" Láti ọdún 2021 ni NIN ti di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà. Àwọn ọmọ alágbàro ló ń ká lára jù, àwọn tí òbí wọn ti Benue, orílẹ̀-èdè Benin tàbí Tógò wá ṣiṣẹ́ oko ní Ìkèrèkú, Lálúpọn, Èrúnmu àti Akànràn. Agbẹ̀bí abúlé ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn ò sì ní ìwé ìbí.

Kí la ó máa pè wọ́n ní Yorùbá? Ohun tó tètè ń wá sẹ́nu ni "aláìníwèé". Mo kọ̀ ọ́. Létí wa, ìwé ni ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá pe ọmọ tó yege WAEC ní aláìníwèé ti bú u. Àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun ní tiwọn máa ń sọ pé, "Kò tíì gba páálí." Mo fẹ́ràn "kò tíì" yẹn, nítorí kò ti ilẹ̀kùn. Nínú ìwé tó bá ti ọ́fíìsì wá, "ọmọ tí kò tíì ní ìwé ìdánimọ̀" ni mo máa ń kọ. Ó gùn, àmọ́ ọmọ ló ṣáájú níbẹ̀.

Èyí tó le jù ni "ọmọ ibí", torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń lé oríṣi ọmọ méjì sẹ́yìn. Ọmọ Àgatu láti Benue tó dàgbà sí Lálúpọn, ọmọ Nàìjíríà ni. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ló ṣòro fún un, torí wọ́n á bi í pé, "Agboolé wo? Ta ni Mọ́gàjí yín?" Àìrí ìwé yẹn gbà lè mú kó pàdánù ìrànwọ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kò yẹ̀. Ti ọmọ ará Tógò yàtọ̀. Abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò gbà pé bíbí sórí ilẹ̀ yìí nìkan tó. Ọ̀kan nínú òbí tàbí òbí àgbà ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, "ọmọ ìbílẹ̀" ni kí a lò fún ti ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì lo "ọmọ orílẹ̀-èdè" fún ti Nàìjíríà. Olùkọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ á dá ọmọ Àgatu padà sílé lórí ohun tó tọ́ sí i. (Ọmọ Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin ńkọ́, tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi sunkún wáyé? Ẹnubodè tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 ló yà á kúrò lára wa. Èmi ò lè pè é ní àjòjì.)

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ń pe owó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ní "ìrànwọ́". Sísan ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ "ẹ̀yáwó" fún ìyá tó ń yan gààrí ní Bádékù, ṣogúndogójì ni yóò sọ sí i lọ́kàn, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé" ni kí a wí, kí a má sì dákẹ́ síbẹ̀: ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni wọn ó máa yọ. Ọmọ Nàìjíríà nìkan ló wà fún.

Àwọn òbí tó jẹ́ àlejò ń sá fún ìwé ìbí nítorí wọ́n rò pé ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 sọ pé kí a forúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀. Kò ní ọmọ Nàìjíríà nìkan. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ohun tí akéde yóò ké, mo máa kọ pé: "Ẹ̀yin ìyá, ibi yòówù kí ẹ ti wá, ọmọ tí ẹ bí sí abúlé yìí, ẹ gbé e wá kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀."