Ẹsẹ̀ ni Ẹlẹ́ṣin Fi Ń Jókòó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá gẹṣin tí a kò bá ju ìpàkọ́, ẹṣin tí à ń gùn yóò máa jù ú. Ìpàkọ́ ni òwe yìí rí. Kò rí ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyè Ọlọ́kùn-ẹṣin ní ààfin Ọ̀yọ́: okùn tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi sọ olóyè náà lórúkọ. Síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe orí, ni ẹlẹ́ṣin fi ń jókòó. Ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá fi ọkàn sí èyí yóò fo ohun pàtàkì kan nínú ìtàn Ọ̀yọ́.

Ìkẹjà ni èmi ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kì í sì í ṣe lórí ẹṣin. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn wọ Computer Village bí mo bá ń gbé kọ̀ǹpútà mi lọ fún àtúnṣe. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù bà mí, mo sì di ọlọ́kadà mú lọ́rùn. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ọrùn mi. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ yín mọ́ irin ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ ò ní ṣubú." Òtítọ́ ló sọ. Bí ẹsẹ̀ mi ti múlẹ̀ báyìí, ni ọkàn mi balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹṣin. Ẹni tó mọ ẹṣin gùn kì í fi ìjánu gbé ara rẹ̀ dúró. Ibi tó fẹ̀ lẹ́yìn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni yóò fi tẹ irin tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gàárì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ ju ọmọ-ìka lọ, orúnkún rẹ̀ yóò tẹ̀ díẹ̀, itan rẹ̀ yóò sì sinmi lé gàárì. Bí gìgísẹ̀ bá gbé sókè, ara yóò dà síwájú. Bí ẹsẹ̀ bá sì yọ́ wọ inú irin náà kọjá, tí ẹlẹ́ṣin wá ṣubú, ẹṣin lè wọ́ ọ nílẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ṣin ló rí irin tẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé ilẹ̀ àwọn Musgu ní gúúsù adágún Chad láàárín ọdún 1851 sí 1852, ó rí i pé láìní gàárì ni wọ́n ń gun ẹṣin. Wọn a máa dá ọgbẹ́ sí ẹ̀yìn ẹṣin kí ìjókòó wọn lè múlẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sá eré àsápajúdé, wọn a ya ẹsẹ̀ ara wọn lára, kí ẹ̀jẹ̀ lè lẹ̀ wọ́n mọ́ ìhà ẹṣin. Ẹ wo ohun tí ènìyàn lè san kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yẹ̀!

Ti Ọ̀yọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àríwá ni ẹṣin ti ń wá, nítorí pé eṣinṣin tó ń gbé àrùn sùnrunsùnrun kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Láti ibẹ̀ náà ni gàárì àti irin ìtẹsẹ̀ ti wọlé. Irin ìtẹsẹ̀ àwọn ará àríwá a máa fẹ̀ bí àwo, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni í gbà. Igun rẹ̀ tó mú ni wọ́n sì fi ń gún ẹṣin ní kẹ́sẹ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé 1,000 ẹlẹ́ṣin ló wà nínú ọmọ ogun ẹ̀yìn Aláàfin Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ló sọ Ọ̀yọ́ di ọba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Hugh Clapperton, ará Bìrìtìkó, gba Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, tó sì débẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1826, ohun tó kọ nípa àwọn ẹlẹ́ṣin tó rí kò dùn-ún gbọ́. Ó ní wọn kò di gàárì le, ìjókòó wọn kò sì gún. Ará ìlú òun kan tó bá mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ yóò taari wọn ṣubú. Ìgbéraga òyìnbó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí á má torí ìyẹn sọ ọ́ nù. Àfọ̀njá ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin. Àwọn ẹrú Haúsá ti sá lọ bá a, àwọn tó mọ ìtọ́jú ẹṣin sì wà lára wọn. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Gàárì tó dẹ̀ tí Clapperton rí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ lásán. Ìlú tí àríwá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ó rí. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí i tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro.

Ìlọrin tó gba ẹṣin náà kò sì fi í jẹ gàba títí. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, òru ni ogun Ìbàdàn kọ lù wọ́n. Ẹlẹ́ṣin tí kò ráyè di gàárì kò sàn ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Lónìí, bí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin jáde níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, agbádá àti fìlà ni gbogbo ojú ń wò. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ibi tó tẹ ẹsẹ̀ sí ni yóò sọ bóyá yóò sọ̀ ni, tàbí yóò ṣubú.