Pípààrọ̀ béárìn dífù iwájú píkọ́ọ̀pù

Béárìn dífù iwájú ni irin olóbìírípo tó gbé àwọn gíà àti ṣáàfù inú dífù ró láàárín táyà iwájú méjèèjì ọkọ̀ fọ́-wíìlì. Bó bá jẹ, pípààrọ̀ ló kù. Iṣẹ́ náà pín sí oríṣi méjì tí kò jọra rárá. Ọ̀kan ni béárìn kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé dífù, níbi tí ṣáàfù ti ń wọlé. Ẹni tó ní sùúrù àti irinṣẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀. Èkejì ni àwọn béárìn inú lọ́hùn-ún, tó di píníọ̀n àti kíráwùnì mú, àwọn wọ̀nyí kì í sì í gba ìfojúdíwọ̀n. Owó ńlá ló ń ṣòfò lórí dífù nítorí pé wọ́n ti tú u kí wọ́n tó mọ èyí tó ń pariwo nínú méjèèjì, tàbí nígbà mìíràn, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá dífù náà ló tilẹ̀ ń pariwo.

Píkọ́ọ̀pù lójú ọ̀nà Ìdìrókò

Ọ̀nà Ìdìrókò gba Ọ̀tà kọjá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ lágbègbè náà láti Sango títí dé ìhà Agbára, píkọ́ọ̀pù ni wọ́n sì fi ń gbé òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ àti ẹrù kéékèèké kiri. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kún ojú títì wa, ẹ̀yìn nìkan ni dífù rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ti iwájú. Toyota ló sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwa. Hilux kọ́kọ́ jáde ní 1968, onífọ́-wíìlì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1979. Lónìí, Hilux ni èèyàn ń rí jù nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, Tacoma tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà náà sì wà láàárín wọn. Ọ̀nà Ìdìrókò yìí wà lára ibi tí tòkunbọ̀ láti èbúté Kútọnu ń gbà wọlé, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017.

Kòtò nìkan kọ́ ni ọ̀tá béárìn lójú ọ̀nà yìí. Omi ni olórí rẹ̀. Dífù tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti fẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ adágún omi òjò lójijì, ilé dífù á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, yóò sì fẹ́ fa òmíràn wọlé. Bírídà, ihò kékeré tí wọ́n fi rọ́bà gbé sókè kúrò níbi tí omi lè dé, ni wọ́n ṣe fún èyí. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti já, ẹnu ọ́ìlì síìlì ni omi yóò gbà wọlé. Omi bá ọ́ìlì pò, ipata mú ojú róólà, béárìn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ti ra béárìn tuntun tí wọn kò tíì fojú kan bírídà ọkọ̀ wọn rí, béárìn tuntun náà kò sì ní pẹ́ kó tó tẹ̀ lé èyí tó ti lọ.

Ohun tó wà nínú dífù

Bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà òde ń rìn jìnnà ju tinú lọ. Dífù ló jẹ́ kí agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ méjèèjì, kí kálukú sì máa yí bó ṣe yẹ ẹ́. Ará Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ló gba ìwé-àṣẹ irú èyí tí mọ́tò ń lò, ní àwọn ọdún 1820, fún ọkọ̀ tí ooru omi gbígbóná ń wà. Píníọ̀n kékeré ń gba ìyípo láti ara pùròpélà, ó ń yí kíráwùnì ńlá, kíráwùnì sì wà lára kẹ́ríà tó gbé àwọn gíà kéékèèké ẹ̀gbẹ́. Béárìn méjì ló sábà máa ń gbé píníọ̀n, méjì gbé kẹ́ríà. Róólà wọn fẹ̀ lórí kan, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí kejì, kó lè gba ìwúwo láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Henry Timken gba ìwé-àṣẹ irú béárìn yìí ní Amẹ́ríkà ní 1898.

Nínú àwọn dífù Toyota kan, pàápàá ti Tacoma 2005 sí 2015 àti FJ Cruiser, béárìn mìíràn tún wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ṣáàfù ti wọ ilé dífù. Béárìn abẹ́rẹ́ ni, róólà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì pọ̀ yí ká. Ibẹ̀ ni àròyé ti pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì farasin. Bí dírẹ́bà bá pa fọ́-wíìlì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ADD máa ń já ṣáàfù apá ọ̀tún kúrò, ṣùgbọ́n ti òsì kò já. Táyà òsì ń yí i kiri lójoojúmọ́ láìsí ẹrù lórí rẹ̀, ó ń gbọ̀n nínú béárìn abẹ́rẹ́ náà, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tan fọ́-wíìlì, ẹrù dé orí ṣáàfù, ó dúró sí àárín, ariwo sì dákẹ́.

Òsì yìí ni ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù Igbe 1972, tí a yí ìrìn ọkọ̀ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ka ìwé tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Japan gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà tiwọn ni ọ̀tún.

Mímọ èyí tó ń ké

Bí ariwo bá ń kùn láàárín 55 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí fọ́-wíìlì wà ní pípa, tó sì lọ bí wọ́n ṣe tàn án, béárìn abẹ́rẹ́ ni kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀nà tó tọ́ tààrà ni kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò yìí, kó má sì pẹ́, nítorí fọ́-wíìlì irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò fẹ́ kí wọ́n yà lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ariwo tó ń han gooro, tó ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, tó sì ń yí ohùn padà bí wọ́n bá tẹ tórótù tàbí tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò, ìhà píníọ̀n ló ti sábà máa ń wá. Kí èèyàn di ẹnu píníọ̀n mú níbi tí pùròpélà ti so mọ́ ọn, kí ó mì ín: kò yẹ kó mì rárá.

Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ń pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá darí ọkọ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, tó sì ń dín kù bí wọ́n bá darí rẹ̀ sí òsì, béárìn ẹsẹ̀ táyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dífù. Táyà onígíríìpù ńlá náà máa ń kùn lórí ọ̀dà, ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Ọ́ìlì kì í purọ́. Irin mágínẹ́ẹ̀tì wà lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì dífù jáde. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá kúnná bíi tìróò, tó ń yọ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Bó bá ṣe pàǹtípàǹtí irin, tó ń gún ọwọ́, béárìn tàbí eyín gíà ti ń fọ́. Bí ọ́ìlì bá ti di funfun, omi ti wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí onímọ́tò lè ṣe fúnra rẹ̀

Béárìn abẹ́rẹ́ àti ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ ni iṣẹ́ yìí. Orí ilẹ̀ títẹ́jú tó le ni kí ọkọ̀ wà, kí wọ́n fi igi tàbí òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi sítáǹdì irin gbé e ró. Jáàkì nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáǹdì: ó lè fọ́ láìkìlọ̀, ẹ̀mí èèyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì òkè, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sínú dífù, ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ lè ti lo ọdún mẹ́wàá láì ṣí i, kó sì ti gan. Ẹni tó bá ti da ọ́ìlì nù tán kó tó mọ̀ pé nọ́ọ̀tì òkè kò ṣí ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ohun tí kò ṣeé wà lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yọ táyà, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín họ́ọ̀bù, kí wọ́n já ẹnu táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀, kí họ́ọ̀bù lè yà sí ẹ̀gbẹ́. Ṣáàfù á jáde nínú dífù bí wọ́n bá fi irin gbọọrọ tì í lójijì. Kí wọ́n má fi ara rọ́bà rẹ̀ ṣe ìdìmú, kí jọ́ìntì má bàa fà yọ nínú rẹ̀. Wáyà bíréèkì kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù họ́ọ̀bù, okùn ni kí wọ́n fi so ó. Ọ́ìlì síìlì ló tẹ̀ lé e, kí wọ́n yọ ọ́ dànù láìṣàánú, nítorí a kì í dá ògbólógbòó padà.

Béárìn abẹ́rẹ́ wà nínú ihò tí kò sí àyè láti ẹ̀yìn láti gbá a jáde. Púlà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń là nínú ihò, tó ní òòlù tó ń sáré lórí ọ̀pá rẹ̀, ni wọ́n fi ń fà á. Púlà yìí ni irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó sábà máa ń wọ́n ọ̀pọ̀ onímọ́tò. Kò pọn dandan kí wọ́n rà á, a lè yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Àwọn tó ń fi ṣísẹ́lì gbẹ́ béárìn náà jáde ń ba ojú ihò jẹ́, ihò tó ti ní ojú ọgbẹ́ kò sì ní di béárìn tuntun mú dáadáa.

Kí wọ́n tó gbá tuntun wọlé, kí wọ́n yí i wò. Etí kan ní àkọlé nọ́ńbà lórí, èkejì kò ní. Etí tó ní àkọlé ló nípọn, òun ni irin ìgbáwọlé gbọ́dọ̀ kàn. Bí wọ́n bá gbá etí kejì, yóò ká, róólà yóò sì há. Kí wọ́n wọn bí ti àtijọ́ ṣe jìn tó kí wọ́n tó yọ ọ́, kí tuntun náà dé ibẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, East Coast Gear Supply, ń ta búṣì tí kò ní róólà láti fi rọ́pò béárìn abẹ́rẹ́ Tacoma, ọ̀pọ̀ sì ti fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Oníléètì tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ irú rẹ̀ láti ara bíróǹsì, bí wọ́n bá gbé ṣáàfù fúnra rẹ̀ lọ fún un láti wọ̀n, tó sì fa ojú ọ̀nà fún ọ́ìlì nínú rẹ̀. Láìsí ojú ọ̀nà yẹn, búṣì náà yóò jó.

Kí wọ́n fi ọ́ìlì pa etí síìlì tuntun. Bí ṣáàfù ṣe ń padà wọlé, kí ẹnu òrùka irin kékeré tó wà lórí rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì dífù tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, 75W-90 tàbí 80W-90 gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe sọ, ni wọ́n ń rọ sí i títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lẹ́nu ihò òkè. Kì í tó lítà méjì fún irú dífù yìí. Kí wọ́n wá tọ bírídà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ bó bá ti là.

Béárìn píníọ̀n àti ti kẹ́ríà

Níbí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àyè tó wà láàárín eyín píníọ̀n àti ti kíráwùnì kò ju nǹkan bí ìdá kan sí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà kan lọ, àwọn ṣíìmù tín-ín-rín ló sì ń pinnu rẹ̀. Òrùka irin rírọ̀ kan wà láàárín béárìn píníọ̀n méjèèjì tó ń rún bí wọ́n bá ń fún nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá fún un jù, dídẹ̀ ẹ́ kò lè tún un ṣe. Òrùka tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀. Gééjì oníabẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọn àyè eyín, wọ́n sì ń kun eyín kíráwùnì ní ọ̀dà àmì, kí wọ́n rí i bóyá àárín eyín ni píníọ̀n ń tẹ̀. Ẹni tí kò ní gééjì, tó ń sọ pé ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má gbé dífù fún un, ìbáà jẹ́ ọ̀gá tó ti dá ọmọ-iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀. Béárìn tuntun nínú dífù tí wọn kò wọ̀n yóò kùn ju ògbólógbòó lọ, yóò sì jẹ eyín gíà pẹ̀lú.

Onímọ́tò lè dín owó iṣẹ́ kù bó bá fúnra rẹ̀ tú dífù kúrò lábẹ́ ọkọ̀, tó sì gbé e lọ bá ẹni tó ní irinṣẹ́ ìwọ̀n. Kí wọ́n má sì ta ṣíìmù àtijọ́ nù, orí wọn ni ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ríra béárìn

Nọ́ńbà wà lójú gbogbo béárìn, nọ́ńbà yẹn ni kí èèyàn fi rà á, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin àti ọjà ASPAMDA ní Trade Fair ni ọ̀pọ̀ ará Ọ̀tà ń lọ. Féèkì pọ̀ nínú béárìn, àwọn orúkọ ńlá bíi Koyo, NSK, Timken àti SKF ni wọ́n sì ń fi ṣe é jù. Béárìn tí àkọlé rẹ̀ ń pa rẹ́ bí wọ́n bá fi èékánná ha á, tàbí tí nọ́ńbà páálí kò bá ti ara irin mu, kò yẹ kó wọ inú dífù. Béárìn tòkunbọ̀ kò bójú mu rárá, kódà kó máa yí wẹ́ẹ́: irin tó ti gbé ẹrù ọkọ̀ mìíràn fún ọdún púpọ̀ ni, iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i sì pọ̀ ju owó tí wọ́n rò pé wọ́n fi pamọ́ lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ìrìn kúkúrú ni àkọ́kọ́, láìsí ẹrù. Kí wọ́n dúró, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ilé dífù: kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ohun kan ti há. Kí wọ́n wo ẹnu síìlì bóyá ó ń jò, kí wọ́n sì tún fún nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ti táyà. Dífù tí omi ti wọ̀ rí yẹ kó tún gba ọ́ìlì mìíràn láìpẹ́, nítorí ti àkọ́kọ́ ni yóò kó ìyókù omi àti ìdọ̀tí jáde. Ọ́ìlì tí wọ́n tú kò gbọ́dọ̀ lọ sínú gọ́tà. Kí wọ́n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n sì kó o fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́ mẹkáníìkì.