Epo, àdín àti ewé gbígbẹ

Àwọn kan bi mí bí mo ṣe ń fi efinrin sínú òróró ólífì. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gba ẹ̀yìn wá.

Kí wọ́n tó rí epo rọ̀bì ní Oloibiri lọ́dún 1956, epo pupa ni epo tí ayé mọ̀ mọ agbègbè wa yìí. Torí ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é ní Oil Rivers. Ọba Jaja tó dá Opobo sílẹ̀ lọ́dún 1869 ò gbà kí òyìnbó wọ ìgbèríko lọ ra epo fúnra wọn. Lọ́dún 1887, wọ́n ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bá gbé e lọ pátápátá. Èkùrọ́ náà ń bá epo lọ, wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ àti màgàríìnì.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ò ta gbogbo èkùrọ́ tán. Wọ́n ń yan án di àdín, bí àwọn Ìgbò tá a jọ ń tajà ní Mile 1 ṣe ń ṣe ude aki tiwọn. Ìyá ìyá mi máa ń po ewé mọ́ àdín, àmọ́ ewé tútù ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Á sá a títí á fi máa rún lọ́wọ́. Mo rò pé èèwọ̀ lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi áyù tútù sínú òróró ólífì láti tà. Nígbà tó yá, ó ń hó. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, ó sì dùn mí. Ẹ má sì gbọ́kàn lé híhó: èyí tó léwu jù kì í hó, kì í rùn. Ní Vancouver, ní Kánádà, lọ́dún 1985, áyù inú òróró tí wọn ò fi sínú fìríìjì dá ènìyàn 36 gúnlẹ̀. Kòkòrò inú erùpẹ̀ ló wà lára áyù; òróró dí afẹ́fẹ́, omi inú áyù sì ràn án lọ́wọ́, ó wá bí májèlé tó ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀.

Ìyá àgbà ò mọ orúkọ kòkòrò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé omi ni ọ̀tá.

Torí náà: ẹ fọ efinrin, ẹ sá a títí á fi rún, kí ìgò náà gbẹ, ẹ ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ewé tàbí áyù tútù ṣe tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Owó ìgò ò tó ẹ̀mí oníbàárà. Ó dàárọ̀ o.