Àwọn Awá-Kírísítálì Ìlú Chamonix

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn awá-kírísítálì ìlú Chamonix rí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹsẹ̀ òkè Mont Blanc ni ìlú yìí wà, ní ilẹ̀ Savoy, tí ó di ara ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1860. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, oko kò sì tó bọ́ ilé. Nítorí náà, bí ìgbà ooru bá dé, àwọn kan a gun òkè yìnyín lọ wá kírísítálì, òkúta tí ó mọ́ gaara bí omi àfonífojì.

Omi gbígbóná inú pàlàpálá àpáta ni ó bí òkúta náà. Bí omi yìí ti ń tutù fún àìmọye ọdún, bẹ́ẹ̀ ni èròjà inú rẹ̀ ń dì mọ́ ara àpáta, tí ó sì ń yọ igun mẹ́fà. ‘Ààrò’ ni àwọn ará Chamonix ń pe irú ihò bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Wọn a so okùn mọ́ra, wọn a rọ̀ lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn a sì rọra tú òkúta náà jáde, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́ kò níye lórí mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Jacques Balmat, tí a bí ní 1762. Ní 1760 ni Horace-Bénédict de Saussure, ọ̀mọ̀wé ará Geneva, ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá rí ọ̀nà dé ṣóńṣó Mont Blanc. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn; wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá sùn lórí yìnyín kò ní jí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1786, Balmat nìkan sun ibẹ̀ mọ́jú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, òun àti Michel Paccard, dókítà ìlú náà, dé ṣóńṣó òkè. Ní 1787, Balmat ṣáájú Saussure fúnra rẹ̀ débẹ̀, ọ̀mọ̀wé náà sì fi irin-iṣẹ́ rẹ̀ wọn ipá afẹ́fẹ́ òkè.

Wúrà ni Balmat ń wá kiri ní 1834 nígbà tí ó já láti orí àpáta, tí ó sì kú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n kọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Lára kírísítálì àtijọ́ nínú ilé àkójọ, a sábà máa ń rí orúkọ òkè tí ó ti wá. Orúkọ ẹni tí ó fi ẹ̀mí wewu kí ó tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.